Bàbá Tí Mo Sọ Pé Kò Lu Ìlù: Gìtá, Máíkì àti Àṣìṣe Mi

Lónìí, mo fẹ́ fa gbólóhùn kan tí mo kọ ní 1986 padà. Àwọn kan nínú yín ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, mo sì fún yín ní máàkì lé e lórí. Gbólóhùn náà sọ pé àwọn àgbà tó ń dá gìtá ta nídìí ẹmu kì í fi gìtá ṣe ìlù. Pé bí a bá gbọ́ ìlù nínú orin wọn, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jókòó tì wọ́n, tó ń lu ìgò tàbí àpótí ìṣáná. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, torí mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́: kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà sílẹ̀ ní 1978. Ẹ̀rí náà ṣì wà títí di òní. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹni tó la etí mi ni ọmọ ọmọ mi. Lọ́dún tó kọjá, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ó sì gbé gìtá onípákó kan dání, irú èyí tí kì í lo iná. Mo rò pé yóò máa ta á bí a ṣe ń ta gìtá. Ó jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpótí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan okùn tó nípọn jù, ó fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún fi ọwọ́ òsì tẹ okùn lójijì lórí ọrùn gìtá débi pé okùn náà dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta á. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó o, àmọ́ bí ẹ bá wà ní yàrá kejì, ẹ ó rò pé ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí?" Ó ní, "YouTube ni, Bàbá àgbà." Ó fẹ́ gba orin náà sílẹ̀ nínú pálọ̀ mi, kí ohùn rẹ̀ dára, kí fídíò rẹ̀ náà sì ṣeé wò. Ó bẹ̀ mí kí n pa fáànù, kí n sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má gúnyán lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìṣe mi ṣe tú síta.

Ta àti lù

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń sọ irú ohun èlò tó wà lọ́wọ́ ẹni. À ń lu ìlù, à ń fun fèrè, à ń tẹ dùùrù, à ń ta gìtá. Ó rọrùn láti rò pé ohun tí à ń ta yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí à ń lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgídìgbo. Àpótí ni. Irin pẹlẹbẹ wà lójú rẹ̀ tí à ń fi ìka ta, bẹ́ẹ̀ alágídìgbo tún máa ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn nígbà tí orin bá ń lọ. Títa àti lílù wà lára nǹkan kan náà, ọwọ́ ẹnì kan ló sì ń ṣe méjèèjì.

Àwa nìkan kọ́. Ní Sípéènì, àwọn tó ń ta gìtá flamenco máa ń fi ìka kan ojú gìtá gbàgbà láàárín orin. Wọ́n ń pè é ní golpe, wọ́n sì máa ń lẹ ohun pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú gìtá kí pákó má baà bàjẹ́. Ní Peru, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn sọ àpótí lásán di ìlù tí à ń pè ní cajón lónìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Paco de Lucía, onígìtá flamenco, mú àpótí yìí wọ orin Sípéènì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá lílu gìtá sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ ní kó fara balẹ̀.

Ìbéèrè tó kan òpìtàn ni èyí: bí ọwọ́ bá ti ń kan pákó látọjọ́ yìí, kí ló dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ nínú àwo àtijọ́? Apá kan ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ olórin, apá tó pọ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Ohun tí ẹ̀rọ jẹ́ kó kọjá

Ṣáájú 1925, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo máíkì fún iṣẹ́ àwo. Olórin á kọjú sí ìwo ńlá kan. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló máa mi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwo náà, ìmìtìtì yẹn ló máa ti abẹ́rẹ́, tí abẹ́rẹ́ á sì máa fín ìlà sára ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè ni ẹ̀rọ yìí mọ̀. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, gba orin 43 sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ohùn àlùfáà tó ti mọ bí a ṣe ń wàásù láìsí ẹ̀rọ lè la ìwo yẹn kọjá. Gìtá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohùn rẹ̀ kéré.

Ní 1925, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńláńlá ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo máíkì àti iná mànàmáná. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1928, Domingo Justus kọrin Yorùbá pẹ̀lú gìtá fún Zonophone. Lọ́dún kan náà, àwọn Kumasi Trio láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, gba "Yaa Amponsah" sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Gìtá wá dé etí ayé. Ṣùgbọ́n ìda ṣì ni wọ́n ń fín. Ojú kan àwo kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bí ohùn kan bá sì lágbára jù lójijì, abẹ́rẹ́ lè fò bọ́ sínú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwo náà bàjẹ́. Ẹ rò ó wò: kí ni ohùn tó máa ń ga lójijì jù lọ lára gìtá? Ọwọ́ tó kan pákó ni. Ìdí wà fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ láti fẹ́ kí olórin ṣe jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní 1936, Túndé King gba orin sílẹ̀ fún Parlophone l'Ékòó. Nínú jùjú ìgbà yẹn, iṣẹ́ ti pín. Ẹni tó mú jùjú ń lu jùjú, ẹni tó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń mì í, ẹni tó mú ohun olókùn ń ta á. Ẹgbẹ́ tó bá ti ní onílù, kí ni onígìtá tún fẹ́ máa gbá àpótí sí?

Lẹ́yìn náà ni Àyìndé Bákàrè. Ní 1949, ó gbìyànjú máíkì àlẹ̀mọ́ra, irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò, tó ń gbọ́ ìmìtìtì pákó dípò afẹ́fẹ́. Ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ukulele-banjo, kò sì sí ibi tí máíkì yìí lè lẹ̀ mọ́ dáadáa lára rẹ̀. Bákàrè bá gbé e sílẹ̀, ó mú gìtá alápòótí. Mo fẹ́ràn ìtàn kékeré yìí gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì: máíkì ló yan gìtá fún un. Nígbà tí iná ti gbé ohùn gìtá sókè, ó ṣeé ṣe láti kó ìlù púpọ̀ sí i wọ ẹgbẹ́ láìbo gìtá mọ́lẹ̀, gángan náà sì rí àyè wọlé. Jùjú tóbi sí i. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ tó ń kan pákó ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá. Ó kù sọ́dọ̀ àwọn tó ń dá ta nídìí ẹmu, àwọn tí ilé-iṣẹ́ àwo kò wá kàn.

Ẹ jẹ́ ká kúrò l'Ékòó díẹ̀. Ní 1952, Hugh Tracey gba ohùn Jean Bosco Mwenda sílẹ̀ ní Jadotville, tí à ń pè ní Likasi báyìí, ní Kóńgò. "Masanga" wà lára orin tó gbà. Tracey máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di máíkì mú, á máa sún un mọ́ ibi tó bá rò pé ó ṣe pàtàkì nínú orin. Iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọwọ́ ẹni tó mú máíkì wà nínú orin tí à ń gbọ́. Ibi tí máíkì bá kọjú sí ni ìtàn ń kọjú sí.

Ní 1979 ni TEAC gbé Portastudio jáde, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ọ̀nà ohùn mẹ́rin lórí kásẹ́ẹ̀tì lásán. Láti ìgbà náà, ẹni tó wà nílé lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ sí òmíràn láìwọ sítúdíò. Ní 1984, Michael Hedges gbé àwo "Aerial Boundaries" jáde ní Amẹ́ríkà. Gìtá onípákó kan, ọwọ́ méjì, tó ń ta, tó ń lù, tó ń tẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Preston Reed àti àwọn míì. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ àwo nìkan lè sọ pé, "Irọ́ ni, wọ́n to ohùn léra wọn ni."

Fídíò ló pa iyèméjì yẹn. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní ìparí 2006, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ CandyRat gbé fídíò Andy McKee síbẹ̀, ọmọ Kansas, tó ń lu gìtá rẹ̀ nínú orin "Drifting". Ó gbé ọwọ́ òsì gba òkè ọrùn gìtá, ó ń kan pákó, ó ń tẹ okùn. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló wò ó. Ọmọ ọmọ mi wà lára wọn. Ojú ló jẹ́ kí etí gbà gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì 1978

Ní 1978, mo jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́. Mo gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta gìtá ní abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Mi ò ní dárúkọ bàbá, torí àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lé orí tábìlì, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì jókòó sẹ́yìn wọn díẹ̀ kí n má baà dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọrin fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí mo ti délé, mo tún un gbọ́. Mo gbọ́ ohùn bàbá, mo gbọ́ gìtá, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó ń dún *gbù* láti ìgbà dé ìgbà, tí gbogbo orin máa ń rì lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sókè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé: "ariwo tábìlì." Mo rò pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ló ń kọlu tábìlì.

Ẹ̀rọ yẹn ń ṣètò ìwọ̀n ohùn fúnra rẹ̀ ni, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì alágbèéká ṣe ń ṣe. Bí ohùn bá kéré, á gbé e sókè. Bí ohùn bá pariwo, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kíá, á sì tún máa gbé e padà díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀, ó dára jù. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kan pákó, ariwo yẹn ni ẹ̀rọ á gbọ́ kọ́kọ́. Á sáré rẹ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ìró ọwọ́ náà á ṣú, okùn tí bàbá ta tẹ̀ lé e á sì rì. Nígbà tí ohùn bá fi máa padà, ọwọ́ á tún ti kan pákó. Ìlù tí bàbá ń lù ló ń pa gìtá tí bàbá ń ta, inú ẹ̀rọ ni ìjà náà sì wà.

Mi ò mọ èyí nígbà yẹn. Mo kọ àpilẹ̀kọ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀yin náà sì kà á.

Pálọ̀ tó di sítúdíò

Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe gba ti ọmọ ọmọ mi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́.

Yàrá la fi bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ mi jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù, táìlì ló sì wà nílẹ̀. Ó ní kí n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. *Pá!* Ohùn náà sì ń sáré kiri ara ògiri lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ti dúró. Máíkì á gbọ́ gbogbo ìyẹn. A té rọ́ọ̀gì sílẹ̀, a gbé fóòmù ibùsùn méjì dúró sí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa jókòó sí, a fi aṣọ nípọn bo wíńdò. A tún pàtẹ́wọ́, ohùn sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. A ò náwó kankan lé e.

Ariwo ló kàn. A yọ fíríìjì kúrò lára iná. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ò ṣeé bẹ̀, a sì fi iṣẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Kọ̀ǹpútà lo bátìrì rẹ̀, torí tí a bá kì í bọ iná, ohùn *hùùù* kan máa ń wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni máíkì. Méjì ló lò, pẹ̀lú ọ̀kan àlẹ̀mọ́ra nínú gìtá, irú ti Bákàrè. Ó kọjú èyí àkọ́kọ́ sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé àpótí, ó fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 30 sílẹ̀ láàárín wọn. Kò kọjú rẹ̀ sí ihò gìtá, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ máa ń mú kí ohùn kún *bùù* jù. Ó kọjú ìkejì sí ìsàlẹ̀ àpótí, níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án jù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí máíkì méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìró ìlù náà fẹ́lẹ́ ju ti máíkì kan lọ. Ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n ń bára wọn jà ni." Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí máíkì kan bá fi sẹ̀ntímítà 34 jìnnà ju èkejì lọ, ohùn á pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kéré lójú, àmọ́ ó tó kí máíkì kan máa fa nígbà tí èkejì ń tì, kí apá kan ohùn sì parẹ́ sáàárín wọn. Ó kan pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wo àwòrán ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sún máíkì kan ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ìlù padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe é, ẹ máa fi sípíkà kan ṣoṣo tún un gbọ́. Ibẹ̀ ni ìjà yẹn ti máa ń hàn.

Ìwọ̀n ohùn ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Ó pa gbogbo ohun tó ń ṣètò ìwọ̀n ohùn fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àti lórí kámẹ́rà. Ó kan gìtá bó ṣe máa kàn án le jù lọ nínú orin, ó sì tò ó kí ohùn tó ga jù ṣì ku nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 kó tó kan òkè. Mo ní, "Ṣé okùn ò ní kéré jù báyìí?" Ó ní rárá, pé gbígba ohùn sílẹ̀ ní bíìtì 24 fún wa láyè tó pọ̀, a lè gbé okùn sókè tó bá yá, ṣùgbọ́n bí orí ohùn bá ti gé lókè, kò sí ẹni tó lè rán an padà. Mo wá bi í pé kí ló dé tó pa ètò aládàáṣe yẹn. Ó ní, "Tí mo bá fi í sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá kan pákó ni okùn máa rì."

Mo dákẹ́. Mo rántí *gbù* tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mi.

Ti fídíò ò gùn. Iná wa ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì ṣètò kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí ojú rẹ̀ máa là fún ìdá kan nínú 50, kí gílóòbù má baà máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Ohùn jẹ́ 48 kHz, torí òun ni fídíò ń lò. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé nínú àwòrán ni wọ́n máa so mọ́ ibi tí ohùn ti ga nínú ohùn. Mo béèrè bóyá ojú rẹ̀ ò ní hàn dáadáa, torí kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ó ní ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ hàn. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́: pé àwọn kan máa ń gba ohùn lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá ṣe bíi pé wọ́n ń lù ú níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ kejì. Òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn àti àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́rìí tó bá wà níbẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ìdánwò

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì mi. Ó da ti 1978 sínú kọ̀ǹpútà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tó fi gbójú sókè. "Bàbá àgbà, ẹ má bínú o. Bàbá yìí ń lu gìtá."

Inú mi ò dùn, ẹ má wulẹ̀ tàn mí. Mo ní kó fi hàn mí. Ó sàmì síbi tí gbogbo *gbù* wà nínú orin kan. Ẹsẹ̀ tó ń kọlu tábìlì ò lè mọ ìlù tó báyẹn: wọ́n ń bọ́ síbi tí agogo máa ń bọ́ sí, ẹsẹ orin kan dé òmíràn, láìtàsé. Síbẹ̀, òpìtàn gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹlòmíràn ló ń lu tábìlì náà. Nítorí náà, a ṣe ìdánwò. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. A gbé e lé orí tábìlì bí mo ṣe gbé e ní 1978, ọmọ ọmọ mi jókòó sídìí rẹ̀, ó ta gìtá, ó sì ń kan àpótí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn lu tábìlì nígbà tó ń ta gìtá lásán. Nígbà tí a tún wọn gbọ́, tí tábìlì ń dún *kó*, ó ń gbọn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ti gìtá ń dún *gbù*, okùn sì ń gbọ̀n rìrì lẹ́yìn rẹ̀, torí pákó tí ọwọ́ kàn ni okùn so mọ́. Bí ti bàbá ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo wá pe àbíkẹ́yìn bàbá náà lórí fóònù. Àwọn náà ti di ìyá àgbà báyìí. Mo béèrè bóyá bàbá wọn máa ń kan gìtá bí wọ́n bá ń ta á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jókòó tì wọ́n o, Tíṣà. Ṣé ẹ ò rí òrùka tó wà lọ́wọ́ bàbá ni?" Wọ́n ní àgídìgbo ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ní gìtá, wọn ò sì fi ọwọ́ àgídìgbo sílẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Mo lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ mi. Òrùka náà wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ "aṣọ àti ọ̀ṣọ́". Mo jókòó sẹ́yìn bàbá lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọwọ́ wọn. Ká ní mo ní kámẹ́rà, tàbí ká ní mo kàn sún síwájú díẹ̀, mi ò bá má kọ gbólóhùn yẹn.

Ohun tí mo fà padà

Ẹ jẹ́ n ṣọ́ra kí n má tún ṣe àṣejù sí òdìkejì. Bàbá kan ṣoṣo ò fi hàn pé gbogbo onígìtá ìdí ẹmu ló ń lu gìtá wọn. Mo ṣì gbà pé ìgò àti àpótí ìṣáná wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn níbi púpọ̀. Ohun tí mo fà padà ni "kì í". Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀rọ mi ò lè gbọ́ ọ, èmi sì sọ pé kò sí. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògídìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀ràn, mo gbọ́ ìlù, mo pè é ní ariwo.

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ kí ẹ gbà ràn mí lọ́wọ́. Bí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bá wà nílé yín, tí bàbá tàbí ìyá yín gbà sílẹ̀, ẹ dà á sínú kọ̀ǹpútà kí téèpù rẹ̀ tó jẹrà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí ẹ ò fi ọwọ́ kàn. Mo mọ̀ pé ohun èlò wà báyìí tó lè fọ ariwo kúrò. Ẹ fọ ẹ̀dà kejì bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fọ àkọ́kọ́. Ká ní mo ti fọ tèmi, bàbá ì bá ti pàdánù ìlù wọn lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá sì ń gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nílé, ìbáà jẹ́ fóònù lẹ fi ń gbà á, ẹ pa ètò aládàáṣe bí ó bá ṣeé pa, ẹ pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ hàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ 1978 wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò pa "ariwo tábìlì" rẹ́, torí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí bí mo ṣe ṣìnà. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá ló ń fi òrùka kan àpótí gìtá." Mo sì kọ ọjọ́ òní sí i.